Oókàndínnígba Kì í Ṣe Igba

Ọjà Àpòmù kì í ṣe ọjà kékeré nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó sọ bí aáwọ̀ ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà náà, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, láàárín ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń ta ataare àti ará Òwu tí ó fẹ́ rà á. Òkìtì igba-igba ni a to ataare náà sí. Iye tí ó wà nínú òkìtì kan ni ó di àríyànjiyàn. Àríyànjiyàn di ìjà, ìjà náà sì wà lára ohun tí ó mú ogun Òwu wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò mọ̀ pé àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìṣirò. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín igba àti oókàndínnígba, ṣùgbọ́n ẹyọ náà tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ bínú.

Lónìí, ẹni tí ó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tí ó dúró ra ẹja ní Aṣéjíre, níbi tí a ti sé odò Ọ̀ṣun fún omi ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tàbí tí ó ra dòdò ní Ìkirè, yóò ṣàkíyèsí ohun kan. Ìyá ọlọ́jà a máa pe iye ọjà rẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń tẹ̀ lé ìyá wọn wá sọ́jà ni a ní láti tún un pè fún ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó yé wọn. Bí a bá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé èló ni ẹẹ́tàdínláàádọ́ta, ẹnu ẹni tí ó bi í ni yóò máa wò.

Àwọn kan a máa sọ pé ìṣirò Yorùbá ni ó le jù, pé àyọkúrò inú rẹ̀ pọ̀, pé kí a kúkú fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ogún ni òpó tí ó gbé ilé yìí dúró. Ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Àádọ́ta sì ni ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Láti ẹyọ kan dé ẹyọ mẹ́rin, fífi kún ni. Bí ó bá ti di márùn-ún, a ó máa yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀wá tí ó wà níwájú. Nítorí náà, ẹẹ́tàdínláàádọ́ta ni ogún lọ́nà mẹ́ta, kí a yọ mẹ́wàá, kí a sì tún yọ mẹ́ta: 47. Ìlànà kan náà ni ó mú kí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́ ẹgbẹ̀ta dín ọgọ́rùn-ún.

Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ ìjọ, ṣàlàyé pé kíkà owó ẹyọ ni ìlànà yìí ti wá, nítorí márùn-ún márùn-ún ni àwọn tí ń ka owó ń fà á láti inú òkìtì. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Àwọn ará Faransé pẹ̀lú, bí wọ́n bá fẹ́ pe 80, ogún mẹ́rin ni wọ́n ń wí títí di òní. Wọn kò torí bẹ́ẹ̀ pa èdè wọn tì.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó yẹ kí ó pa ẹnu àwọn oníyèméjì mọ́. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, Olúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí tú ìṣirò yìí palẹ̀, wọ́n to àwọn òfin rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2014 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Bí a bá kọ iye kan fún ẹ̀rọ náà, orúkọ iye náà ní Yorùbá ni yóò kọ jáde. Kọ̀ǹpútà kò ní àròjinlẹ̀ tirẹ̀. Òfin tí a bá fún un ni ó ń tẹ̀ lé. Ohun tí ó bá ṣeé fi òfin kọ́ ẹ̀rọ kò lè jẹ́ rúdurùdu.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òfin gbé dé. Ọgbọ̀n, igba àti irinwó kò tẹ̀ lé ìlànà ogún. A ní láti há wọn sórí. Ẹ̀ẹ́dógún àti aárùndínlógún, iye kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ̀wá àti ẹgbàá. Èwo ni a ń lò fún owó, èwo ni a ń lò fún ọdún tàbí ènìyàn? Ẹnu àgbà ni èyí wà. Bí àgbà bá sì kọjá lọ láìsọ ọ́, kò sí ẹ̀rọ tí yóò lọ bi í léèrè.

Iṣẹ́ wà fún oníkálukú. Kí àwọn àgbà Ìkirè, Àpòmù àti Aṣéjíre máa fi Yorùbá ka owó, iṣu àti ẹja létí ọmọ wọn. Kí àwọn olùkọ́ rántí ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, ìṣirò pẹ̀lú, ní ọdún 1970. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gba ìwé àti kálámù, kí wọ́n lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀.

Ó dára kí ẹ̀rọ mọ ìṣirò Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe di ọjọ́ kan tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni yóò máa sọ fún ọmọ Àpòmù ohun tí ń jẹ́ oókàndínnígba.