Ẹ́ńjìnì Tí Kò Tó Ọkọ̀, Kí Ẹni Tó Rà Á San Gbèsè Rẹ̀



Àwọn olówó ọkọ̀ ń sọ kiri pé àwa apẹja ń bèèrè ẹ́ńjìnì ńlá nítorí afẹ́ àti eré sísá. Irọ́ ni. Ẹ́ńjìnì tí ó tó ọkọ̀ ni à ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ènìyàn 5, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wọn kílò 70, kílò 350 nìyẹn. Epo bẹntiróòlù lítà 100 wọn nǹkan bíi kílò 75. Bí àwọ̀n bá jẹ́ kílò 150, tí yìnyín jẹ́ 200, àpapọ̀ rẹ̀ di kílò 775, ẹja kan ṣoṣo kò sì tíì wọ inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀gá ti dán ẹ́ńjìnì agbára ẹṣin 15 rẹ̀ wò? Lórí ọ̀sà ni, ní àárọ̀ tí omi parọ́rọ́, pẹ̀lú ènìyàn 2 nínú ọkọ̀ òfìfo. Ó rí i pé ó ń sáré, ó sanwó. Ọ̀sà kì í ṣe òkun!

Ní àkókò òjò tó kọjá, ọkọ̀ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti ojú òkun. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu odò, omi ń ya jáde, ìgbì sì ń fọ́ lẹ́yìn wọn. Awakọ̀ fún ẹ́ńjìnì 15 náà ní gbogbo epo tí ó lè gbà, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Ìgbì bò ó. Ọlọ́run yọ àwọn ènìyàn, àwọ̀n bá omi lọ. Ní ìparí oṣù, wọ́n yọ owó àwọ̀n náà nínú owó iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó ra ẹ́ńjìnì kò san kọ́bọ̀.

Wọ́n ní ẹ́ńjìnì kékeré kì í jẹ epo. Lórí ọ̀sà, pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, òótọ́ ni. Lójú òkun, ẹrù àti ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń jẹ epo. Ẹ́ńjìnì tí a fún lọ́rùn láti àárọ̀ di alẹ́ kì í pẹ́ gbó, kò sì ní agbára kankan nílẹ̀ de ọjọ́ ìjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa náà, ẹ gbọ́. Ẹ́ńjìnì 40 tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ wọn tó kílò 70, ó sì lè jẹ nǹkan bíi lítà 18 ní wákàtí kan bí a bá fún un ní gbogbo epo. Bí pákó ìdí ọkọ̀ kò bá le, ìdí ọkọ̀ yóò rì, omi yóò wọlé. Àpọ̀jù náà léwu.

Ohun tí à ń bèèrè nìyí:

1. Kí a dán ẹ́ńjìnì wò pẹ̀lú ẹrù kíkún kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí awakọ̀ tí yóò lò ó sì wà níbẹ̀. Bí kò bá lè yí dé iye tí ìwé rẹ̀ sọ, kí wọ́n pààrọ̀ fáànù abẹ́ omi rẹ̀, tàbí kí wọ́n wá èyí tí ó lágbára jù ú.

2. Kí epo jẹ́ ìdá mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ìpamọ́.

3. Kí wọ́n má ṣe yọ kọ́bọ̀ nínú owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nítorí àdánù tí ẹ́ńjìnì tí kò tó bá fà.

Ẹ̀mí kò ní àrọ́pò. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan dá sọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.