Bí Òwú Bá Lọ́ Pọ̀ Nísàlẹ̀, Ẹ Wo Òkè

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ òwú ìránṣọ ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí òwú náà sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè.

Ní Ọjọ́rú kan, mo mú aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ilo-Awela, ní apá Toll Gate ní Ọ̀tà. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà mọ̀ pé ariwo ọkọ̀ tí ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara ẹni dáadáa. Síbẹ̀, láti òdìkejì títì ni mo ti ń gbọ́ igbe ọ̀gá télọ̀ náà. Agbádá ọkọ ìyàwó ni ó wà níwájú rẹ̀, gínnì aláwọ̀ búlúù, tí ó ń fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe ọnà sí láyà. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó. Nígbà tí ó yí inú aṣọ náà síta, òwú ti lọ́ pọ̀ níbẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 16, dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń sunkún. Òun ni ó máa ń yí òwú sí bọ́bìnì. Ọ̀gá rẹ̀ ní ó ti ta òwú gidi, ó sì fi òwú yẹpẹrẹ rọ́pò rẹ̀. Kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí n tó máa kọ̀wé sí ojú ewé yìí, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti jẹun. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, àwọ̀ wo ni òwú tí ó wà nínú bọ́bìnì?”

“Búlúù ni, Màmá.”

“Èyí tí ó lọ́ pọ̀ nísàlẹ̀ yìí ńkọ́?”

Ó wò ó, kò lè fèsì. Àwọ̀ wúrà ni. Òwú òkè ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti ìgbà tí Elias Howe ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1846, òwú méjì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń ránṣọ: ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fa ara wọn bí ọmọdé méjì tí ń fa okùn. Bí agbára wọn bá dọ́gba, àárín aṣọ ni wọn yóò ti kọ́ ara wọn. Bí òwú òkè kò bá ní ohun tí ó há a mọ́, ti ìsàlẹ̀ yóò wọ́ ọ lọ. Ìdí nìyí tí wàhálà tí a rí nísàlẹ̀ fi máa ń ti òkè wá. Bí òwú bọ́bìnì bá sì ń yọ lójú aṣọ, òwú òkè le jù, tàbí ti ìsàlẹ̀ dẹ̀ jù.

Mo bèèrè ẹni tí ó ki òwú òkè sí ẹ̀rọ. Ọmọ náà ní, “Ọ̀gá ni, mà. Iná lọ, inú òkùnkùn ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.”

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà. Àwo kékeré méjì ni ó ń há òwú òkè mọ́. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí ọ̀pá tí a fi ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè bá wà nílẹ̀, àwo méjèèjì á pa ẹnu dé, òwú kò sì ní wọ àárín wọn dáadáa. Ẹni tí ń fi ọwọ́ darí aṣọ láti ṣe ọnà sábà máa ń tú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kúrò, nítorí náà ó rọrùn kí ó gbàgbé ọ̀pá náà. A gbé ọ̀pá sókè, a tún òwú kì, a sọ ọ̀pá kalẹ̀. Òwú bọ́bìnì wá ń já, nítorí ọ̀gá ti fi ìbínú fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. A dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a dán an wò lórí àkísà, ọnà náà sì dán.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ nílé, ẹ tẹ̀ lé ètò yìí, ẹ má sì tún nǹkan méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkíní, ẹ gbé ọ̀pá sókè, kí ẹ tún òwú kì. Bí ẹ bá sọ ọ̀pá kalẹ̀, òwú gbọ́dọ̀ le díẹ̀ bí ẹ bá fà á.

Èkejì, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Poro gígùn tí ó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí òwú ń gbà wọlé. Bí òwú bá ń họ kí ó tó já, ihò abẹ́rẹ́ lè kéré jù fún un. Ẹ mú nọ́ḿbà 90 dípò 75.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbọn ìdọ̀tí kúrò nínú ilé bọ́bìnì. Bí ilé náà bá jẹ́ onírin tí a ń yọ jáde, ẹ fi òwú rẹ̀ gbé e kọ́. Bí ẹ bá mì ín díẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí ó sì dúró. Bí ó bá já wálẹ̀ wìì, ó dẹ̀ jù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ọwọ́ yín. Bí ọwọ́ bá yára ju abẹ́rẹ́ lọ níbi tí ọnà ti tẹ̀, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, òwú á sì já.

Nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀gá náà kò jẹ́ kí n kúrò kí ó tó sọ níwájú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yòókù pé, “Ọmọ mi, má bínú. Èmi ni mo ṣe é.” Mo yìn ín fún èyí ju ọnà agbádá náà lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó pe ọmọ ní olè, ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ òwú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.