Níná Ọjà Tí A Kò Rí

Láti 1998 títí di 2016, Priceline ní Amẹ́ríkà gbà kí èrò fúnra rẹ̀ dá iye tí yóò san fún tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ọjọ́ kò ká mọ́ lè jèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà, owó ti lọ kí ó tó mọ bàálù tí yóò wọ̀ àti wákàtí tí yóò gbéra. Kò sí ìpààrọ̀, kò sí ìdápadà. Ta ní ń ná aṣọ inú àpò ní Dùgbẹ̀? Ètò náà ti parí, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí kò ṣeé yí padà ṣì wà. Bí ọjọ́ ìdánwò bá yẹ̀, ọ̀pọ̀ di ọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a mọ ọjọ́ ìdánwò kí a tó sanwó.