Ẹ Lé NULL Jáde Nínú UNIQUE Yín

Bí ẹ bá kọ UNIQUE lé kọ́lọ́ọ̀mù méjì lórí nínú dátábéèsì yín, tí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú méjèèjì máa gba NULL, ní ọ̀pọ̀ dátábéèsì, ẹ kò tíì dènà ohunkóhun níbi tí NULL bá wà. Ọ̀rọ̀ yìí á ká àwọn kan lára nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ dátà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ wo tábìlì àwọn oníbàárà. Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́ pátápátá, ló bá fi kọ́lọ́ọ̀mù kan sí i tó pè ní deleted_at. Bí oníbàárà bá lọ, wọ́n á kọ ọjọ́ tó lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì wà, NULL ni tirẹ̀. Ó wá kọ UNIQUE (email, deleted_at), ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé oníbàárà méjì kò ní lo ímeèlì kan náà. Irọ́ gbáà ni. Ẹ fi ímeèlì kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí deleted_at jẹ́ NULL nínú ìlà méjèèjì: PostgreSQL á gbà á, MySQL á gbà á, SQLite náà á gbà á, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Àwọn oníbàárà tó ṣì wà, tí a torí wọn ṣòfin, gan-an ni òfin náà kò mú. Ẹni tó sì gbójú lé ON CONFLICT pé yóò bá òun tún ìlà àtijọ́ ṣe, ìlà tuntun ni yóò máa bá níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí ní ohun tí a kò mọ̀ ni NULL, pé ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun méjì tí a kò mọ̀ dọ́gba? Ká ní SQL dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí ni, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n GROUP BY ń kó gbogbo NULL sójú kan, DISTINCT sì ń kà wọ́n sí ẹyọ kan. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibi tí a ti ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ ni wọ́n ti wá di àjèjì síra wọn? Àti pé kí ni a kò mọ̀ nípa oníbàárà yìí? A mọ̀ dájú pé kò tíì lọ.

Àwọn tó ń ṣe dátábéèsì pàápàá kò fẹnu kò. Nínú UNIQUE oníkọ́lọ́ọ̀mù kan, NULL kan péré ni SQL Server ń gbà. Oracle ní tirẹ̀ á gbà bí gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù bá jẹ́ NULL, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ní nǹkan nínú, yóò ka NULL tó kù sí ọ̀kan náà. Ní 2022 ni PostgreSQL 15 mú NULLS NOT DISTINCT dé, SQL:2023 sì sọ ọ́ dòfin. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá kọ ọ́ jáde, ti àtijọ́ ni yóò bá.

Bó bá jẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, bíi nọ́ńbà fóònù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní, ẹ jẹ́ kí NULL pọ̀ tó bó ṣe fẹ́. SQL Server ló ṣì í níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kọ́lọ́ọ̀mù méjì sókè, NOT NULL ni kí ẹ kọ. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, bíi ti deleted_at yìí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú UNIQUE, kí ẹ kọ ọ́ báyìí ní PostgreSQL:

CREATE UNIQUE INDEX ON onibara (email) WHERE deleted_at IS NULL;

MySQL kò ní WHERE yìí, ṣùgbọ́n láti 8.0.13 ni ẹ ti lè fi COALESCE sínú index fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣí tábìlì yín lónìí. Ẹ fi GROUP BY àti HAVING COUNT(*) > 1 wá àwọn ìlà tó jọra, kí ẹ tún wọn ṣe. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, dátábéèsì kò ní jẹ́ kí ẹ kọ index tuntun náà.