Ta Ni Àlejò?

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni à ń pè ní àlejò? Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà, dé ilẹ̀ wa ní ọdún 1950. Ó di Àdùnní Olóòrìṣà. Òun pẹ̀lú Adébísí Àkànjí sì fi sìmẹ́ńtì mọ ère sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 2009.

Ògbómọ̀ṣọ́ mọ òdì-kejì rẹ̀: ní ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí sí ibẹ̀ sì di ẹrù wọn lé orí. Nítorí náà, bí obìnrin Fúlàní bá gbé igbá tí ó fín wá sí ẹ̀gbẹ́ àwọn afíngbá Ọ̀yọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ fún un ní ìsọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán, ní iye owó kan náà tí ọmọ ìlú ń san.