Olùkọ́ Ha Lè Jẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Bí?

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé ẹni tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò lè fẹ́ràn ìwé, àti pé kò yẹ kí ẹni tí ń múra àtidi olùkọ́ máa sáré kiri pápá nínú ṣòkòtò péńpé. Èmi kò bá wọn gbà. Ẹlẹ́rìí mi ni Kenneth Hunt, ọmọ ilẹ̀ England, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́, tí ó jẹ́ àlùfáà, tí ó sì jẹ́ agbábọ́ọ̀lù pàtàkì ní ìgbà tirẹ̀.

Ìlú Oxford ni a bí i sí ní ọdún 1884, Queen's College ní Yunifásítì ibẹ̀ ni ó sì ti kàwé. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Wolverhampton Wanderers. Ní oṣù April 1908 ẹgbẹ́ náà bá Newcastle United figagbága ní Crystal Palace, London, láti du Ife-Ẹ̀yẹ F.A. Ìpele kejì ni Wolverhampton wà. Newcastle ni ó sì gba ipò kìíní ní England ní ọdún tí ó ṣáájú. Síbẹ̀ Hunt, tí ipò rẹ̀ kì í ṣe ti iwájú, ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí pẹ̀lú góòlù 3 sí 1. Ní oṣù October ọdún kan náà, ó wà nínú ikọ̀ tí ó fi góòlù 2 sí òdo borí Denmark, tí ó sì gba ẹ̀bùn wúrà ní Òlímpíìkì London.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní 1908 yìí náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Highgate ní London, kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí di 1945. Ní 1909 ó wọ iṣẹ́ àlùfáà. Bẹ́ẹ̀ ni kò kọ pápá sílẹ̀: ní 1911 ó gbá bọ́ọ̀lù fún England nígbà tí wọ́n pàdé Wales àti Scotland, ní 1920, ní ẹni ọdún 36, ó tún lọ sí Òlímpíìkì ní Antwerp. Kò sì fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ owó rí títí ó fi kú ní 1949.

Ẹnìkan lè dáhùn pé ó rọrùn fún Hunt láti kọ owó, níwọ̀n bí ó ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà ń jẹun nínú rẹ̀, òfin kò sì jẹ́ kí owó wọn ju pọ́n-ùn 4 lọ lọ́sẹ̀; kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe nítorí owó ni mo ṣe ń yìn ín, bí kò ṣe nítorí pé kò jẹ́ kí eré pa iṣẹ́, kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ pa eré.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Láìpẹ́ a ó rán wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri. Àwọn ọmọ yóò máa gbá bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe pé a fẹ́ tàbí a kọ̀. Àwa yóò ha dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú pàṣán, tàbí a ó wọ àárín wọn? Gbígba ìdájọ́ réfírì láìjà, àti fífi bọ́ọ̀lù fún ẹni tí ó sàn jù wá lọ, kò sí nínú ìwé ìṣirò. Ẹni tí yóò yá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò: olùkọ́ tí a kò ṣẹ́gun rí lójú àwọn ọmọ, báwo ni yóò ti kọ́ wọn bí a ti ń gba ìṣẹ́gun láìbínú?

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù sá fún ìwé má ṣe sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ìṣẹ́jú 90 ni Hunt lò ní Crystal Palace. Ọdún 37 ni ó lò ní Highgate.