Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Dé Ahéré Ẹni Tó Ń Dáko Sórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Àwọn òbí Yorùbá tó ń gbé Houston àti Sugar Land máa ń bi mí níbi tí wọ́n lè mú ọmọ lọ lọ́jọ́ Sátidé. George Ranch ni mo máa ń dárúkọ, lẹ́bàá Richmond ní Texas. Oko màlúù gidi ni. Ní 1824 ni Henry Jones tẹ̀dó síbẹ̀, ìran mẹ́rin nínú ẹbí náà, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló sì ni ín tẹ̀ léra. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọ aṣọ ayé ìgbà náà, wọn á fi igi dáná, wọn á rọ irin lójú yín.

Màlúù ló máa ń dùn mọ́ ọmọdé jù. Wọ́n á dà wọ́n gba ọ̀nà tóóró wọ kòtò omi oògùn, ẹran á lúwẹ̀ẹ́, á gòkè lódìkejì. Eégbọn ni wọ́n ń bá jà. Ibà tí eégbọn náà ń kó kiri ló mú kí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lé màlúù Texas padà nígbà kan.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe iṣẹ́ oko náà? Ìdílé Jones ní ẹrú. Aláwọ̀ dúdú ló ń gbin òwú, tó sì ń da ẹran, kí Ọ̀gágun Gordon Granger tó kéde òmìnira ní Galveston lọ́jọ́ 19 oṣù Okúdù 1865. Òmìnira dé, ilẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ẹ wọ ahéré ẹni tó ń dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ẹ pẹ́ níbẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn baba wa mọ̀ kọ́ nìyẹn, tí iṣu díẹ̀ lè tó o. Ìdajì òwú lè lọ, gbèsè irúgbìn àti oúnjẹ á sì gbé ìyókù.

Ìyà náà kò mọ sí oko yìí. Ní Sugar Land, kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n hú egungun èèyàn 95 ní 2018 níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé-ìwé: àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba fi yá olóko ìrèké lẹ́yìn òmìnira, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn kan lára wa ń sọ pé ìtàn yìí kò kàn wá, pé ọkọ̀ òfuurufú ló gbé wa dé. N kò gbà. Àwọ̀ kan náà ni olùkọ́ àti ọlọ́pàá ń rí lára ọmọ wa, Texas sì nìlú tí a bí i sí. Nítorí náà, ẹ ti fi ìbéèrè kan sí i lẹ́nu nínú ọkọ̀, kí ó bi ẹni tó bá ń fi ilé ńlá George Ranch hàn yín: lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbí, orúkọ ta ni ẹ mọ̀?